Kí Ni Ọmọ Náà Rí Gbà?

Ní ọjà Òkè-Àrìn, ní Èkó, bí oòrùn bá ti dé àtàrí, tí jẹnẹrétọ̀ ń bú níwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn alábàárù ń ké "ẹ yàgò fún mi o", ọmọ ọdún mẹ́rin kan lè já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kó gbé ara lulẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, kó sì fi igbe ta. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ní ohun tí yóò sọ. Ẹnì kan á ní kí ìyá fọ́ ọ létí. Ẹlòmíràn á ní kó tètè ra bísíkíìtì fún un. Àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́nu ìsọ̀ á rọra béèrè bóyá wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí ibì kan. "Ibì kan" yẹn kì í ṣe ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu àwọn èrò ọjà wọ̀nyí: kí ló ṣẹlẹ̀ kété kí igbe tó bẹ̀rẹ̀, kí sì ni ọmọ náà rí gbà lẹ́yìn tó ké tán? Orí ìbéèrè yìí ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ABA dúró lé, ìyẹn yíyẹ ìhùwàsí ènìyàn wò fínnífínní kí a lè fi ràn án lọ́wọ́. Kò sí ọ̀nà tí òkìkí rẹ̀ kàn tó o nínú kíkọ́ ọmọ tó ní ọ́tísìmù, kò sì sí èyí tí àríyànjiyàn yí ká tó o.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ. Ìwé ló máa ń mú. Yóò la ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tó ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, ohun tó tẹ̀lé e. Ká pe ọmọ àpẹẹrẹ wa ní Àyìndé. Ní Òkè-Àrìn, ariwo ló ṣáájú. Àyìndé gbé ara lulẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e pọ̀n, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ariwo sì lọ sílẹ̀. Lójú Àyìndé, igbe ti ṣiṣẹ́. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn, nílé, ìyá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ké, ó tún gbé ara lulẹ̀, wọ́n sì dá fóònù padà fún un kí àwọn ará ilé lè rí oorun sùn. Igbe kan náà ni létí wa, àmọ́ ti ọ̀sán ń sá fún nǹkan, ti alẹ́ ń béèrè nǹkan. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan náà mú méjèèjì yóò ṣi ọ̀kan mú.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ sọ pé irú ìwà báyìí sábà máa ń ṣe fún ọmọ. Ó lè fẹ́ kí a kọjú sí òun. Ó lè fẹ́ gba nǹkan kan: oúnjẹ, fóònù, omi tí yóò fi ṣeré. Ó lè fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ tàbí kúrò níbi tó ni ín lára. Ẹ̀kẹrin ni a sábà máa ń gbàgbé: ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń gbádùn nǹkan náà, irú ti ọmọ tó ń mi ara síwá sẹ́yìn, tàbí tó ń ju ìka fìrìfìrì lójú ara rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó ku òun nìkan nínú yàrá, yóò ṣe é.

Bí èyí bá ti yé ènìyàn, ojú tó fi ń wo pàṣán á yí padà. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọmọ kan ń ju ìwé àti bírò nù ní kíláàsì nítorí pé iṣẹ́ náà kò yé e. Tíṣà nà án ní ẹgba méjì, ó ní kó jáde lọ kúnlẹ̀ síta. Tíṣà rò pé òun ti jẹ ẹ́ níyà, ọmọ sì ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Lọ́la, ìwé yóò tètè balẹ̀ ju ti òní lọ. Tàbí ọmọ tí kò sẹ́ni tó dá sí i láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá da omi sílẹ̀ nìkan ni ìyá ń yíjú sí i: bíbú tí ìyá ń bú u yẹn gan-an ni èrè rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ABA, kì í ṣe ẹni tó ń fúnni ló ń sọ ohun tó jẹ́ èrè. Ohunkóhun tó bá mú kí ìwà náà tún wáyé ni èrè, ìbáà jẹ́ súìtì, ìbáà jẹ́ èébú.

Mo ti rìn jìnnà kí n tó sọ ohun tí ọ́tísìmù jẹ́. Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ gbà ń dàgbà ni, láti inú oyún wá. Ó ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn lò àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀, nínú bí nǹkan kan ṣoṣo ṣe lè gbà á lọ́kàn pátápátá, nínú bí ariwo, ìmọ́lẹ̀ tàbí aṣọ tó ń ha ara ṣe ń ni ín lára ju bó ṣe ń ni àwa yòókù lọ. Leo Kanner, dókítà kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá tó rí báyìí ní 1943. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2021, ẹnì kan nínú 127 ló ní in. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í fà á. Àìfẹ́ràn ọmọ kì í fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà òyìnbó fi ń di ẹ̀bi náà ru àwọn ìyá. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n á ní ìyá rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó wà nínú oyún, wọ́n sì ti pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Ẹ̀sùn yàtọ̀, ẹni tó ń rù ú kò yàtọ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ ti ní àrùn òyìnbó ni. Victor Lotter rìn ká orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Nínú àwọn ọmọ tó lé ní 1,300 tó yẹ̀ wò, díẹ̀ báyìí ló kà sí ẹni tó ní ọ́tísìmù. Àmọ́ ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò jí pépé ló wò. Kò wọ agboolé.

Ìmọ̀ tí ABA jókòó lé lórí ti wà láti ìgbà B. F. Skinner, ẹni tó fi eku àti ẹyẹlé hàn wá pé ohun tó tẹ̀lé ìwà ló ń sọ bóyá ìwà náà yóò tún padà wá. Ọmọdékùnrin kan tí ìwé pè ní Dicky ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ju Skinner lọ. Montrose Wolf, Todd Risley àti Hayden Mees ló kọ ìtàn rẹ̀ ní 1964. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú Dicky, bí kò bá sì lo jígí, ojú náà yóò fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí jígí kan imú òun. Wọn kò dì í mú. Férémù lásán, tí kò ní gíláàsì nínú, ni wọ́n gbé káàkiri yàrá rẹ̀. Ó mú ọ̀kan nílẹ̀, wọ́n fún un ní ohun jíjẹ díẹ̀. Ó gbé e rìn, wọ́n tún fún un. Nígbà tó yá, ó ní láti gbé e súnmọ́ ojú kó tó rí nǹkan gbà. Títí wọ́n fi dá a padà sílé, ó ti ń lo jígí náà bíi wákàtí 12 lóòjọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, Wolf àti Risley pẹ̀lú Donald Baer kọ àlàyé tí àwọn oníṣẹ́ yìí ṣì ń tẹ̀lé dòní. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bèèrè níbẹ̀ ni pé kí ohun tí a fẹ́ kọ́ ènìyàn jẹ́ ohun tó wúlò fún òun àti àwọn tó ń bá gbé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ilé náà ṣeé gé sí kéékèèké. "Lọ wọ ṣòkòtò rẹ" kì í ṣe iṣẹ́ kan fún ọmọ báyìí. Bíi mẹ́jọ ni. Kó mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, kó jókòó, kó ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, kó ti èkejì, kó dìde, kó fà á dé orúnkún, dé ìdí, dé ìbàdí. Ọgbọ́n kan wà tó dùn mọ́ mi: kí ìyá ṣe gbogbo rẹ̀, kó sì fi fífà á dé ìbàdí nìkan sílẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ ló parí iṣẹ́, òun ni wọ́n ń yìn. Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, ìyá á fi ìgbésẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa padà sẹ́yìn. Ọwọ́ tí ìyá fi ń ràn án lọ́wọ́ ní láti máa dínkù díẹ̀díẹ̀: láti orí dídi ọwọ́ ọmọ mú, sí fífi ìka kàn án ní ìgùnpá, sí nínawọ́ sí ṣòkòtò lásán. Bí kò bá dínkù, ọmọ yóò kọ́ láti máa dúró de ọwọ́ ìyá.

Àmọ́ inú ilé tó ní bàbá, ìyá, ọmọ méjì àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì ni àwọn tó kọ ìwé ABA ń rò. Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Láti àyíká Igá Ìdúngànràn dé Ìdúmàgbò, ọ̀pọ̀ ilé ṣì jẹ́ ilé ẹbí: ìsọ̀ nísàlẹ̀, yàrá lókè, ọmọ bàbá kan náà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, ọmọ sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ká ní Ìyá Àyìndé ti pinnu pé òun kò ní fi fóònù pa igbe mọ́. Ìwé ti kìlọ̀ pé igbe yóò kọ́kọ́ le sí i. Ọmọ tó ń ké fún ìṣẹ́jú márùn-ún yóò ké fún ogún, nítorí pé ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó wá ń fi agbára kún un. Ìgbà tó bá dé góńgó gan-an ni ìyá àgbà máa ń yọ láti yàrá kejì: "Ìyá Àyìndé, ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?" Màmá á fi fóònù tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí Àyìndé kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó, kí òun máa ké dé ogún. Ìbá sàn kí wọ́n ti fún un látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọmọ tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tó ń forí gbá ògiri, kí òbí má dán irú èyí wò láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n nítòsí.

Ìpàdé ẹbí ló yẹ kó ṣáájú, pẹ̀lú ìyá àgbà lórí àga. Ẹni tó bá lọ ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tó ní, "Màmá, ẹ̀yin la gbójú lé, ẹ bá wa dì í mú," ti ní olùkọ́ tí kì í gba owó oṣù. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé òyìnbó bá a jiyàn ti pàdánù ṣáájú.

Orúkọ nìkan tó iṣẹ́. Ara ohun tí dókítà kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá ọmọ ń dáhùn tí a bá pè é. Nínú agboolé, ìyá àgbà ń pè é ní Àyìndé, bàbá rẹ̀ ń pè é ní Ràṣíídì, ìyá rẹ̀ ń pè é ní Olúmidé, àwọn ọmọ ilé ń pè é ní Mídé. Àwọn ọmọ yòókù á mọ̀ pé ẹnì kan ni gbogbo wọn. Fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣòro fún, kí gbogbo ilé mú ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, kí nǹkan tó fẹ́ràn tẹ̀lé e bó bá wẹ̀yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì pè é nítorí pé wọ́n fẹ́ bá a wí; orúkọ tí ìyà ń tẹ̀lé kò ní dùn ún dáhùn. Èdè ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òbí ni wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n pa Yorùbá tì, kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ìwádìí kò fi hàn pé èdè méjì ń pa ọmọ tó ní ọ́tísìmù lára. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè ìyá àgbà ni yóò pàdánù ìyá àgbà.

Ní ti ìyìn, ta ni yóò kọ́ wa? Ọmọ ń kọ́ ìrìn, agboolé ń pàtẹ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí ni, wọ́n ń ki oríkì rẹ̀. Àmọ́ àtẹ́wọ́ lè jẹ́ ìyà fún ọmọ tí ariwo ń dùn létí. Ìyá kan lè rí i pé tí òun bá sọ oríkì kélékélé sí i létí, ó ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn lè rí i pé wíwo fáànù tó ń yí fún ìṣẹ́jú kan ju oríkì àti pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù lọ lójú ọmọ tirẹ̀. Fáànù ni kí ó fún un.

Mo ní mo ń padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ ohun tó wúlò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó ti òkè òkun wá ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "wo ojú mi": ọmọ ní láti tẹjú mọ́ olùkọ́ kó tó gba èrè. Ní ilé Yorùbá wo ni ọmọ ti ń tẹjú mọ́ àgbàlagbà tí wọn kò ní pè é ní aláfojúdi? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù ló sì ti sọ pé wíwo ènìyàn lójú ń ni wọ́n lára. Ẹ̀kọ́ tí kò bá àṣà mu, tó tún ń dun ọmọ, kí la fẹ́ fi ṣe? Kí á kọ́ ọ ní "ẹ káàárọ̀", kí á kọ́ ọ láti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí á kọ́ ọ láti dúró nígbà tí a bá ní "dúró". Ìkẹyìn yìí lè gba ẹ̀mí là. Ọ̀pọ̀ ọmọ báyìí máa ń rìn lọ láìwẹ̀yìn, ilẹ̀kùn agboolé kì í sábà ní kọ́kọ́rọ́, dánfó ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn Adéníji Adélé. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ "dúró" yìí bí eré, kí wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kó tó dé òpópónà. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n níwájú tíṣà rẹ̀ nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ká padà sí igbe. Sísọ pé "má ké mọ́" kò tó. Kí ni kí ọmọ ṣe dípò rẹ̀? Ní 1985, Edward Carr àti Mark Durand fi hàn pé tí a bá mọ iṣẹ́ tí ìwà kan ń ṣe, tí a sì kọ́ ọmọ ní gbólóhùn kan tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ìwà náà yóò lọ sílẹ̀. Ọmọ tó ń sá fún iṣẹ́ lè kọ́ láti bèèrè ìrànlọ́wọ́. Èyí tó fẹ́ ká kọjú sí òun lè kọ́ láti bèèrè bóyá òun ń ṣe dáadáa. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ní 1985 kan náà ni Andy Bondy àti Lori Frost bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní PECS ní ìpínlẹ̀ Delaware: ọmọ á mú àwòrán ohun tó fẹ́, á fi lé ènìyàn lọ́wọ́, á sì gba nǹkan náà lójú ẹsẹ̀. Páálí, sísọ́ọ̀sì àti àwòrán omi, ìrẹsì, fóònù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé àwòrán yóò sọ ọmọ di odi. Ẹ̀rù náà kò ní ìdí. Ọmọ tó ti rí i pé òun lè bèèrè nǹkan kí wọ́n sì fún òun kì í pàdánù ohùn nítorí rẹ̀.

ABA ní ìtàn tí kò dára, ó sì yẹ kí òbí gbọ́ ọ. Ivar Lovaas, ọ̀jọ̀gbọ́n ní UCLA ní Kalifọ́níà, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1987 ó kọ̀wé pé nínú ọmọ 19 tí wọ́n kọ́ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, mẹ́sàn-án ló wọ kíláàsì bíi ti ẹgbẹ́ wọn. Òbí káàkiri ayé di ìrètí mọ́ ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n jíjágbe mọ́ ọmọ àti gbígbá a ní itan wà nínú ẹ̀kọ́ yẹn, ní àwọn ọdún 1960 ó sì ti lo iná mànàmáná lára ọmọ. Iṣẹ́ náà ti fi ìyẹn sílẹ̀ dé ìwọ̀n tó pọ̀. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n kọ́ báyìí ní kékeré ti dàgbà, wọ́n sì ń sọ tẹnu wọn: pé wọ́n kọ́ àwọn láti gbọ́ràn ju kí àwọn sọ ohun tó ń dun àwọn lọ, pé wọ́n fi èrè gba ọwọ́ mímì lọ́wọ́ àwọn, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ mímì náà ló ń bá àwọn tu ọkàn lára. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò àjọ Cochrane, tó ń wọn ẹ̀rí nípa ìtọ́jú ìlera, kó ìwádìí lórí irú ẹ̀kọ́ yìí jọ ní 2018, márùn-ún péré tí ọmọ 219 wà nínú wọn ló tó òṣùwọ̀n wọn. Wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ ọlọ́pọ̀ wákàtí yìí ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò lágbára. Èrò tèmi ni pé ká mú ìwé tó ní ọ̀nà mẹ́ta yẹn, ká fi wákàtí 40 sílẹ̀. Ọmọ tó ń mi ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà kò gba nǹkan ẹnikẹ́ni.

Owó pẹ̀lú kò jẹ́ kí wákàtí 40 ṣeé sọ fún obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà. Dókítà ọmọdé ni kó kọ́kọ́ rí, kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò, nítorí ọmọ tí kì í dáhùn lè jẹ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn. Lẹ́yìn ìyẹn, afárá ni yóò gùn: LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, wà ní Ìdí-Àràbà, ẹ̀ka ọmọdé ti ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá wà ní Òṣòdì, ilé ẹ̀kọ́ Modupe Cole wà ní Akọka, Patrick Speech and Languages Centre tí Dọ̀tun Àkàndé, ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísìmù, dá sílẹ̀ ní 2006 sì wà ní Ìkẹjà. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ló dá LASODA sílẹ̀ láti máa bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ. Ìwé ẹ̀rí sì ti dojú rú: láti 2023, BACB, àjọ Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ jù nínú fífún oníṣẹ́ ABA ní ìwé ẹ̀rí, kò gba ẹni tuntun láti Nàìjíríà mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ABA, ẹ bi í níbi tó ti kọ́ ọ, ẹni tó ń bójú wo iṣẹ́ rẹ̀, àti bóyá ẹ lè jókòó wò ó bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá ní kí ìyá dúró síta nígbà gbogbo, ẹ mú ọmọ yín máa lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti ṣe ẹ̀kọ́ kan fún òbí fúnra wọn, èyí tí wọ́n ti lò ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgbọ̀n, tó jẹ́ pé inú eré àti iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ.

Ìbéèrè kan kù tí mo fẹ́ kí òbí bi oníṣẹ́ náà: ìgbà wo lẹ máa kọ́ ọ láti sọ pé "rárá"? Nínú ilé wa, ọmọ tó bá sọ "rárá" fún àgbà ti gba àbàrá, èyí sì ni ẹ̀kọ́ tí yóò nira jù fún agboolé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ láti ṣe gbogbo ohun tí àgbàlagbà bá ní kó ṣe yóò ṣe é fún àgbàlagbà búburú pẹ̀lú. Kí káàdì "ó tó" wà lára káàdì rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá fi lé ìyá àgbà lọ́wọ́ láàárín oúnjẹ, kí màmá gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, bó tilẹ̀ ku ẹran.